Ìdajì àṣà ni ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alága ìjókòó àti alága ìdúró ilẹ̀ Òkun

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin alága ìjókòó àti alága ìdúró, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrá dé Ìsánlú, Mọ̀pà, Bùnú àti Òwòrò, ní ìpínlẹ̀ Kogí,

Òkun o! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú ohùn tí kì í há. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi máíkì sọ ni mo fẹ́ dá lóhùn, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dá máíkì lóhùn.

Bàbá ìyàwó ni mí. Oṣù tó kọjá ni a fa àkọ́bí mi obìnrin fún ọkọ níwájú ilé wa ní Ìjùmú, lábẹ́ àtíbàbà mẹ́rin. Ọ̀kan nínú yín ló ṣe alága ìjókòó fún wa, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọrin, ó pòwe, ó gba owó lọ́wọ́ ẹbí ọkọ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ohun tó sọ náà ni gbogbo yín ń sọ. Nígbà tí ó kan ìmọ̀ràn, ó di ọwọ́ ọmọ mi mú, ó ní, "Ìwọ ìyàwó, kí ọkọ rẹ tó jí ni kí o ti jí. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tán. Kó má di ọjọ́ tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìdáná lọ wá nǹkan jẹ." Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ ṣé, mà." Gbogbo abẹ́ àtíbàbà pàtẹ́wọ́. Alága wá yíjú sí ọkọ: "Ìwọ náà, tọ́jú rẹ̀ o. Má na ọmọ wa o." Ó parí.

Mo padà wo fídíò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo sì fi aago sí i. Ìmọ̀ràn ìyàwó gba ìṣẹ́jú 11. Ti ọkọ kò pé ìṣẹ́jú kan, "má na án" ló sì jẹ́ ìdajì rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n ní kó máa jí kí ọkọ tó jí yìí, nọ́ọ̀sì ni, ní Lọ́kọ́jà. Bí ó bá kan iṣẹ́ alẹ́, agogo 8 àárọ̀ ni ó ń jáde ní wọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú yín ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò tíì sùn yóò ṣe jí ṣáájú ẹni tó sùn.

Ṣùgbọ́n kí n tó fi ìka kan na yín, ẹ jẹ́ kí n ka mẹ́rin tó kọjú sí èmi fúnra mi. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín débi pé fìlà mi ṣí. Nígbà tó di nǹkan bí agogo 11 alẹ́ ọjọ́ yẹn, tí àwọn tó yá wa ní àga ti kó àga wọn lọ, mo jókòó síta, mò ń ka owó inú àpòòwé. Ìyá àwọn ọmọ mi, tí kò fojú ba oorun gidi láti Ọjọ́bọ̀, wà lẹ́yìn ilé, ó ń fi eérú àti kànìnkànìn fọ ìdí ìkòkò. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní rárá. Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó dìde pẹ̀lú ìnira, ó lọ bu oúnjẹ. Bí ó ṣe ń gbé abọ́ náà bọ̀ nínú òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ alága padà wá sí mi létí. Ọdún 34 ni obìnrin yìí ti ń pa òfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún ọmọ rẹ̀ mọ́. Mo wá òfin tí wọ́n kà fún èmi lọ́jọ́ ìgbéyàwó tèmi, n kò rántí ọ̀kan. Oúnjẹ náà kò fẹ́ wọ ọ̀fun mi. (Mo jẹ ẹ́ ṣá o. Ebi ń pa mí.)

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: àṣà wa ni. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Ká ní àṣà ni ẹ ń kọ́ wọn, n kò ní kọ lẹ́tà. Ìdajì rẹ̀ ni ẹ ń kọ́ wọn, ìdajì ti obìnrin. Ìdajì ti ọkùnrin ti kú mọ́ wa lọ́wọ́, a sì rọra sin ín lóru, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹkún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ní kékeré mi, Kwara ni wọ́n ṣì ń ka wa mọ́; 1991 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Kogí sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Àkùkọ kì í kọ bá a lórí ẹní. Ó ju wákàtí kan lọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn dé oko. Òun ló ń ṣán an, òun ló ń jó o, òun ló ń fi ọkọ́ kọ ebè lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn yóò fi kan òun ní àtàrí. Òun ló ń gbin iṣu, tó ń fi igi tì í kó lè fà, tó ń wà á, tó ń rù ú wálé, tó ń tò ó sí àká. Ògiri tí òjò bá wó, òun ni yóò mọ ọ́n. Òrùlé tó bá ń jò, òun ni yóò gùn ún. Igi ìdáná tó bá tóbi, òun ni yóò là á. Ní àdúgbò wa nígbà náà, obìnrin kì í kọ ebè. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá di ọkọ́ mú láti kọ ebè, kò ní lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí ẹmu.

Ìyá mi ń hun aṣọ. Òfì obìnrin, èyí tó dúró lóòró, tó fẹ̀yìn ti ògiri, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹ̀yin ará Bùnú mọ ohun tí mò ń sọ, aṣọ tí àwọn ìyá ìyá yín hun ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà. Ẹ̀yin ará Ògìdì náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ yín ni Nike Davies-Okundaye, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà aṣọ aláró, tí wọ́n bí ní 1951, ti kọ́ iṣẹ́ òwú àti aró lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ àgbà kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ń hun, ó ń fún epo, ó ń se irú, ó ń din gààrí, ó sì ń gún iyán lálẹ́. Owó aṣọ rẹ̀, tirẹ̀ ni.

N kò ní parọ́ pé ó dọ́gba. Ìyá mi ló máa ń sùn kẹ́yìn, òun náà ló sì ń dìde sí ọmọ tó bá ń sunkún lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí àtẹ́lẹwọ́ bàbá mi lásìkò ebè yóò mọ̀ pé nígbà tí ọkùnrin yẹn jókòó de iyán, ó ti ń ṣiṣẹ́ iyán náà bọ̀ láti inú ilẹ̀. Ó bá iyán náà dé ìdajì ọ̀nà kí obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àní kí wọ́n tó fún ọkùnrin ní ìyàwó pàápàá, wọ́n á ti wo ọwọ́ rẹ̀. Bàbá mi sọ fún wa bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ṣe ń lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko bàbá ìyá wa, ọdún dé, ọdún lọ. Bàbá ìyàwó á jókòó sábẹ́ igi, á máa ṣe bí ẹni tó ń tòògbé, á sì máa wo wọ́n láti abẹ́ ìpéǹpéjú: ta ló yára, ta ló ń fi "mo fẹ́ mu omi" sá fún oòrùn, ta ló ń sọ̀rọ̀ ju ọkọ́ lọ. Alága ìjókòó ayé ìgbà náà nìyẹn o, kò ní máíkì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi ọkọ: kí lo lè ṣe?

Kí ló kù nínú rẹ̀ lónìí? Ọ̀wẹ̀ ti di àpòòwé. Iṣẹ́ tí ọkọ ń ṣe níwájú àna kò ju ìdọ̀bálẹ̀ lọ, lórí ẹní tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ kí agbádá má bàa dọ̀tí. Wọ́n gbé iṣu 42 wá fún wa lóòótọ́, iṣu tó dára, tó gùn. Ọjà ni wọ́n ti rà á, àwọn obìnrin ìdílé wọn ló sì rù ú wọlé. Ṣùgbọ́n ẹrù ìyàwó ńkọ́? Odó kò yẹ̀. Ọmọ odó kò yẹ̀. Ìkòkò oríṣiríṣi, igbálẹ̀, ìjábẹ̀, kúlà, bílẹ́ńdà, sítóòfù gáàsì. Èmi ni mo sanwó wọn, mo mọ iye tí wọ́n jẹ́. A di ilé ìdáná odidi lé obìnrin lórí, a ní kó máa lọ. Ọkùnrin kò gbé ọkọ́ wá. Kò gbé àdá wá. Kò sì sẹ́ni tó bèèrè.

N kò bá ọkùnrin kankan wí pé iṣẹ́ ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èmi náà kàwé kí n má bàa kọ ebè, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kẹ́míkà ti gba iṣẹ́ ìroko lọ́wọ́ wa, ọ̀kadà ń gbé wa dé ìdí iṣu, alágbàṣe ń bá ẹni tó lówó kọ ebè. Ọ̀pọ̀ ti fi iṣu sílẹ̀ fún kajú, igi tí kì í béèrè ebè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí kajú bá sì dé, ní nǹkan bí oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún, ẹ lọ wo ìdí igi. Ta ló tẹ̀ síbẹ̀ tó ń ṣà á, tó ń fa èso ya kúrò lára hóró? Ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ta ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n nígbà tí ẹni tó ń rà á bá dé? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dáhùn.

Iṣẹ́ obìnrin náà yí padà, ṣùgbọ́n ńṣe ni tirẹ̀ ń gorí ara wọn. Òfì kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé ìwé, ọ́fíìsì, wọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀bù gba ipò rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀gá àti aago. Odó kò kúrò, igbálẹ̀ kò kúrò, garawa omi kò kúrò. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí kànga bá gbẹ tí bọ́ọ̀hóòlù àdúgbò kò sì ṣiṣẹ́, ẹ ka iye ọkùnrin tó ti gbéyàwó tó wà lórí ìlà omi. Mo ti kà á. Ọwọ́ kan tó o.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìgbà kan wà tí owó oṣù ń wọlé ní ìlàjì, ó di ìdámẹ́ta, nígbà mìíràn ó di ìlérí. Ṣọ́ọ̀bù ìyá àwọn ọmọ mi ló bọ́ wa, gààrí, ìrẹsì, ọṣẹ, kúbù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ti iléèwé dé ṣáájú rẹ̀, wákàtí mẹ́ta gbáko. Mo máa ń bọ́ṣọ, mo máa ń tan rédíò, mo máa ń dúró. Kí ni mò ń dúró dè? Obìnrin tó ń bọ́ mi, kó wálé wá se oúnjẹ tó fi owó ara rẹ̀ rà fún mi. Ọjọ́ tó bá pẹ́, n óò ní, "Ṣé ọjà yìí ni ọkọ rẹ ni?" Bàbá mi kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ebè tó ń fi hàn. Èmi kò ní ebè, n kò ní owó, n kò sì fọwọ́ kan abọ́. Àga olórí ilé nìkan ni mo jogún, mo sì jókòó sí i gbọin-gbọin.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìgbéyàwó ọmọ mi, mo mú ìwé àwọn ọmọ iléèwé kan, mo fa ìlà sí àárín rẹ̀. Mo fẹ́ kọ iṣẹ́ ọjọ́ kan, tìyàwó lápá kan, tèmi lápá kejì. Mo ti fẹ̀yìn tì, òun ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí ó tó jáde ní agogo 8, apá tirẹ̀ ti kún dé ìsàlẹ̀: ó gbálẹ̀, ó fọ abọ́ àná, ó rẹ ẹ̀wà, ó po ẹ̀kọ, ó fún ọmọ ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ wa ní oúnjẹ, ó wá ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tó sọnù, ó sá aṣọ, ó ka aṣọ tó ti gbẹ. Lápá tèmi mo kọ "yọ ọkọ̀ síta." Ní ọ̀sán mo kọ "bojú tó ẹni tó ń tún páìpù ṣe." Lálẹ́ mo kọ "tan jẹnẹrétọ̀." Mo fi tìrónú-tìrónú wá ìkẹrin, n kò rí.

Iṣẹ́ tí mo lè kọ nìyẹn. Èyí tí kò ṣeé kọ ló yà mí lẹ́nu. Ó jókòó lálẹ́, mo rò pé ó ń sinmi, mo sì ti fẹ́ kọ "sinmi" sílẹ̀. Ó ní, "Gáàsì yìí kò ní kọjá Ọjọ́bọ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìsọmọlórúkọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ ku ọjọ́ mẹ́rin, a ò tíì ra nǹkan kan." Ó tún dákẹ́. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ku mẹ́ta." Oògùn tèmi! Ẹnu mi ni mo fi ń gbé e mì láràárọ̀, n kò mọ̀ pé ó ti ń tán. Ilé wa wà lórí obìnrin yìí bí agbada gààrí lórí ẹni tó ń bọ̀ látọjà, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ bó bá jókòó.

Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ti ṣírò irú iṣẹ́ yìí ní 2018. Ní orílẹ̀-èdè 64 tí wọ́n ti rí àkọsílẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń lo ọjọ́ wọn, wákàtí bílíọ̀nù 16.4 ló ń lọ lójúmọ́ sí iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú tí kò sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀, ìdá 76.2 nínú ọgọ́rùn-ún sì wà lọ́rùn obìnrin. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, síbẹ̀ bílíọ̀nù kò bá mi dé ibì kankan. Ìwé tí mo fa ìlà sí náà ló bá mi dé ibi tí mo wà yìí.

Mo ti ń fọ abọ́ báyìí. Mo ń gbálẹ̀ iwájú ilé àti ti ẹ̀yìn, mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà tí kò ní jóná, lẹ́yìn èyí tó jóná ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rò pé ìyá àwọn ọmọ mi fò sókè, ẹ tún rò ó. Ó wo ìkòkò tí mo fọ̀, ó fi ìka ha ìdí rẹ̀, ó sì tún un fọ̀. Ó ní lẹ́yìn ọdún 34, kí n má retí àtẹ́wọ́ fún abọ́ márùn-ún. Aládùúgbò wa kan, ọkùnrin, rí mi níta pẹ̀lú igbálẹ̀. Ó bi mí pẹ̀lú àánú pé ṣé ara ìyàwó kò yá ni. Mo ní ara rẹ̀ le. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Bàbá, ẹ gbàdúrà o." Ohun tó ní lọ́kàn yé mi: wọ́n ti fi nǹkan sínú ọbẹ̀ mi.

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ máa ń fi ṣe àwàdà lórí máíkì. Ọkùnrin tó bá fọ abọ́, ìyàwó rẹ̀ ti "gbé e jẹ". Ó dáa. Ẹ lọ sí ilé oníyán èyíkéyìí ní Kàbà lọ́sàn-án, ẹ wo àwọn tó wà nídìí odó lẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni, igbá àyà wọn fẹ̀, òógùn ń bọ́ lára wọn. Ta ló gbé àwọn yẹn jẹ? Alágbàfọ̀ tó ń lọ ṣòkòtò àlejò, ọkùnrin ni. Télọ̀ tó ń rán bọ́tìnnì, ọkùnrin ni. Ẹni tó ń sun ẹran ní ìdí súyà, ọkùnrin ni. Iṣẹ́ kan náà tí owó bá wà nínú rẹ̀ lórí títì, ọkùnrin ń ṣe é, ojú kì í tì í. Ó di ìgbà tí ó bá wọ ilé tí owó kò sí nínú rẹ̀ kí ó tó di iṣẹ́ obìnrin.

Ẹ máa fi Bíbélì kàn mí, mo mọ̀, "ọkọ ni olórí aya." Mo ti ka Éfésù orí karùn-ún, mo sì kà á kọjá ibi tí ẹ máa ń dúró sí. Ẹsẹ kejì sí ìyẹn ló ní kí ọkọ fi ara rẹ̀ jìn fún aya bí Kristi ti ṣe fún ìjọ. Olórí yẹn náà ló fi aṣọ ìnura di ìdí tó ń fọ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tó jíǹde, tó yẹ kó ti lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi, Jòhánù orí 21 ní wọ́n bá iná èédú létí òkun, ẹja wà lórí rẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n wá jẹun. Ó dáná o! Àwọn àáfà wa náà mọ hádíìsì Àíṣà, pé Ànábì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ títí àkókò ìrun yóò fi tó. N kì í ṣe oníwàásù, n ò ní gùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àna mi, torí n kò fẹ́ kí ó rò pé mò ń bá òun jà. Ọmọ dáadáa ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ó sì wà lára àwọn tí ìjọba fún ní ìsinmi ọjọ́ 14 bí ìyàwó wọn bá bímọ, èyí tí wọ́n kéde ní oṣù Kọkànlá 2022. Mo bi í, bí ẹni ń ṣe àwàdà, pé nígbà tí Ọlọ́run bá ṣe é, kí ló máa fi ọjọ́ 14 yẹn ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, sà. Màmá máa wá wẹ ọmọ. Mo lè fi ráyè lọ wo àwọn tó ń bá mi mọlé." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ọwọ́ tirẹ̀ náà lè mú kànìnkànìn ọmọ. Wọ́n ní ìṣẹ́jú kan láti sọ fún un lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n fi sọ pé kó má na án.

Àwọn obìnrin ilẹ̀ Iceland ṣe nǹkan kan ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá 1975. Nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, ti ọ́fíìsì àti ti ilé, wọ́n jáde síta. Àwọn bàbá kó ọmọ lọ síbi iṣẹ́, ilé ìfowópamọ́ àti iléèwé dojú rú. Mo sọ ìtàn yìí fún ìyá àwọn ọmọ mi, mo ní bí wọ́n bá ṣe é ní Kàbà, gbogbo ọkùnrin yóò tò sí búkà kó tó di ọ̀sán. Ó wò mí. Ó ní, "Ta ni yóò wà ní búkà?"

Nǹkan tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀, kò sì ní gbà yín lówó. Ẹ̀yin ni agbára wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ ń sọ̀rọ̀, èèyàn ń wo fóònù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba máíkì, ọmọdé pàápàá ń dákẹ́. Ìṣẹ́jú 11 yẹn, ẹ dá a sí méjì. Nígbà tí ẹ bá bi ìyàwó pé irú ọbẹ̀ wo ló mọ̀ ọ́n sè, ẹ yíjú sí ọkọ, ẹ bi í ní irú ìbéèrè kan náà, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wọ aṣọ kan náà gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ bi í pé bí ìyàwó bá ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ta ni yóò ti fún ọmọ ní oúnjẹ àárọ̀. Ẹ dúró kó dáhùn. Ẹ má bá a fi orin bò ó. Nígbà tí ẹ bá ń fa odó lé wọn lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ni kí ẹ fà á lé. Ẹ sì dárí ọ̀wẹ̀ padà, lọ́nà tí ẹ bá lè gbà: kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n pọn omi, kí wọ́n la igi, kí wọ́n bẹ iṣu, kí bàbá ìyàwó jókòó sábẹ́ igi kó máa wò wọ́n láti abẹ́ ìpéǹpéjú.

Bí ọkùnrin réjò tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu yín. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kankan nínú yín yí i sí apá kejì rí, pé bí obìnrin bá rí abọ́ tí ọkùnrin sì fọ̀ ọ́ ńkọ́?

Ó ku ohun kan tí mo rò pé kí n má sọ. Alága tó ṣe tiwa, nígbà tí a parí, mo fi ọkọ̀ gbé e dé ìkóríta kí ó lè tètè rí mọ́tò. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ohùn rẹ̀ ti há díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nínú bàtà gogoro, owó tó gbà lọ́jọ́ náà ju owó ìfẹ̀yìntì mi oṣù kan lọ, ó sì tọ́ sí i. Kúlà kékeré wà lórí itan rẹ̀, ìyàwó mi bu iyán àti ọbẹ̀ sí i fún un. Mo ní kó jẹun nínú ọkọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Rárá, sà, ti Bàbá ni. Mo se ọbẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e kaná. Láti àárọ̀ ni kò tíì jẹun." Ó sì ń wo aago.

Ọmọ mi kejì, obìnrin náà ni. Wọ́n ti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìdána sì di oṣù Kejìlá, lọ́lá Ọlọ́run. Mo fẹ́ kí ọ̀kan nínú yín wá ṣe alága fún wa, iye tí ẹ bá sì dá ni n óò san, n kò ní ná an. Odó yóò wà láàárín àtíbàbà, ọmọ odó mẹ́ta, iṣu yóò ti jinná lórí iná. Mo ti sọ fún ọkọ ìyàwó pé kó wá pẹ̀lú aṣọ tó ṣeé bọ́. Kí ẹni tó bá máa gba iṣẹ́ náà jẹ́ kí n mọ̀ kí oṣù Kọkànlá tó parí, kí ó sì sọ fún mi bóyá ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni kí n bu oúnjẹ fún, torí Bàbá ilé yín náà, mo ń pè é. Àga rẹ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, nítòsí odó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá ìyàwó kan, láti Ìjùmú